Bàbá Mi, Ẹ Má Fọ́ Àwọn Iná Gbọọrọ Yẹn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú àmójútó gbogbo agboolé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún mi wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kò sí tábìlì nínú yàrá mi, orí àpótí aṣọ ni mo ti ń kọ̀wé, ìkúnlẹ̀ ló bá a mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo láyà láti kọ̀wé sí yín rárá. Mo mọ̀ pé ọmọ tí a rán lọ kẹ́kọ̀ọ́ kì í ti ibẹ̀ kọ̀wé wá kọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, pàápàá ọmọ tó ṣì wà ní ọdún kìíní, tó ṣì ń béèrè ọ̀nà kó tó mọ yàrá ìkàwé tó yẹ kó wọ̀. Mo ti kọ ìwé yìí, mo ti fà á ya, mo tún ti tò ó pọ̀ láti wo ohun tí mo kọ.

Màámi, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ẹrù. Ẹ̀gúsí tí ẹ fi rán Ráúfù dẹ́rẹ́bà dé ọwọ́ mi, a ti fi se ọbẹ̀, Àlàájà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ní kí n sọ fún yín pé ẹni tó bó ẹ̀gúsí yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Àbúrò mi Ẹfúnyẹmí, mo kí ẹ. Má fi ìwé ìròyìn yìí di àkàrà kí wọ́n tó kà á tán. Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí sí Bàbá létí lábẹ́ igi oróǹbó, ẹ kú ọ̀fun gbígbẹ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, ẹ má fò ó, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Ẹ kà á bó ṣe wà.

Bàbá, ó lè yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ìwé mi gbà yọ. Ẹ̀yin náà lẹ fà á. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ohun tí a fọwọ́ kọ, ọwọ́ ẹyọ kan ló kọ ọ́, ọwọ́ ẹyọ kan sì lè purọ́; ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti fojú kàn án kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wọn ò sì lè pa ẹnu pọ̀ purọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bẹ olóòtú. Ó kà á, ó wò mí, ó bi mí bóyá bàbá mi wà láyé. Mo ní ẹ wà. Ó ní kí n rí i pé mi ò lọ sílé fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí, kí n sọ ọ́ kí àyà mi tó já: ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má fọ́ àwọn iná gbọọrọ tó wà níwájú ilé Òrìṣà. Ẹ má fọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí a fi ìyẹ̀fun inú wọn kun iwájú orí àwọn ọmọdé lọ́jọ́ ọdún.

Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Ara mi le. Abẹ́òkúta gbóná. Àwọn òkúta ibí yìí a máa mu oòrùn lójú ọ̀sán bí ẹni mu omi, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọn á wá máa tú u sí wa lára. Owó tí ẹ fún mi ṣì kù, mò ń rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ kó má baà tán. Iṣẹ́ pọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pè mí nílé ẹ̀kọ́. Lágboolé Àlàájà, Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, kódà àgbò ọdún iléyá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní orúkọ ju èmi lọ. Ẹfúnṣọlá tí ẹ sọ mí, ìgbà tí mo bá ń dá sọ̀rọ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ ọ. Ẹ rántí orúkọ yẹn, Bàbá, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀.

Fún àwọn tó ń ka ìwé yìí tí wọn kò mọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iná ṣe dé abúlé tí kò ní iná. Lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá ni abúlé wa wà. Fìtílà là ń tàn. Bàbá mi ni olórí àwọn tó ń sin Òrìṣà Ńlá níbẹ̀, gbogbo ohun Òrìṣà Ńlá ló sì gbọ́dọ̀ funfun: aṣọ, ilẹ̀kẹ̀, ẹyẹlé, títí kan ẹfun tí wọ́n fi ń kun ara àti ògiri lọ́jọ́ ọdún. Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, Bàbá wá sí Abẹ́òkúta láti wo ibi tí mo máa gbé, ìyẹn ilé Àlàájà kan ní Ṣàpọ́n. Àlàájà yìí ń ta aṣọ ní Ìtòkú bí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ ti ṣe. Bàbá bá a jókòó dáadáa. Kó tó lọ, ó ní kí òun yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló ti rí iná gbọọrọ tó ti kú, irú èyí tí wọ́n ń fi sí òrùlé yàrá, tí ń tàn funfun bí ọ̀sán. Wọ́n fi ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi.

Bàbá bi Àlàájà pé ta ló ni ín. Àlàájà ní kò sẹ́ni tó ni ín, ó ti kú. Bàbá gbé e sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kò sán, kò dúdú, ó funfun ju lékeléke lọ, kí wá ni wọ́n ń pè ní ikú lára rẹ̀. Àlàájà rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá wù wọ́n kí wọ́n máa gbé e lọ. Bàbá gbé e léjìká dé gáréèjì Láfẹ́nwá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Láti ọjọ́ náà ni Àlàájà ti ń sọ fún gbogbo aládùúgbò pé iná tó bá kú, kí wọ́n má sọ ọ́ nù, ti Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n ń kó o wá lóòótọ́. Ráúfù dẹ́rẹ́bà ń tò ó sórí àpò gàrí, ó ń wakọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ìyàwó. Bàbá rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní òró níwájú ilé Òrìṣà, wọ́n wá tò bí ọgbà. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí wọn lára, wọn a dà bí ẹni pé wọ́n ń tàn. Àwọn ará abúlé mìíràn ń wá wò wọ́n. Bàbá a ní iná ọmọ òun nìyẹn. Ọkùnrin kan tó ti gbé ìgboro rí fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní iná tí kò tàn. Bàbá dá a lóhùn pé nígboro iná ń lọ, iná ń dé, wọ́n ń pariwo. Pé iná tòun kò lọ rí láti ọjọ́ tó ti dé.

Inú mi dùn nígbà náà. Mi ò mọ nǹkan kan.

Ìgbà tó yá, òbúkọ fara ha ọ̀kan nínú wọn, ó fọ́. Bàbá rí ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú rẹ̀, ó kúnná ju ẹfun ọjà lọ, ẹfun sì ti ń wọ́n. Ni wọ́n bá rán Ráúfù sí mi pé Òrìṣà ti pèsè: wọn kò ní ra ẹfun lọ́dún yìí. Tí ọdún bá ku ọ̀la, wọ́n á fọ́ gbogbo iná náà, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á fi kun ògiri, wọ́n á sì fi kun iwájú orí gbogbo ọmọ abúlé. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá iná tó ti kú sí i. Ráúfù jẹ́ iṣẹ́ náà tìdùnnú-tìdùnnú ní Láfẹ́nwá. Ó rò pé ayọ̀ ló mú mi jókòó sórí àpò gàrí.

Bàbá, kì í ṣe ayọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ wa gbé iná gbọọrọ wá sí kíláàsì. Ó ní nínú gíláàsì gbọọrọ yìí, yàtọ̀ sí ìyẹ̀fun funfun, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní mẹ́kúrì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni nǹkan dídán tó dà bí fàdákà tó yọ́, tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń fi sí wa lábẹ́ ahọ́n. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nínú iná, ó sì ń jókòó jẹ́ẹ́ bí iná bá wà lódindi. Ṣùgbọ́n tí iná bá fọ́, á bọ́ sínú afẹ́fẹ́ láìní àwọ̀ láìní òórùn, èyí tó kù á lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun náà. Ẹni tó bá ń fà á sínú, tàbí tó ń fi í para, kò ní ṣubú lójú ẹsẹ̀. Á máa wọ̀ ọ́ lára bí ikán ṣe ń wọ òpó ilé. Òde òpó á máa dán. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iyè á máa fò. Ó ní ọmọdé àti aboyún ló burú fún jù.

Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹni tó bá ní iná tó ti kú nílé na ọwọ́. Àwọn yòókù na ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi na méjèèjì. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní wọ́n pọ̀, sà. Ó ní níbo ni wọ́n wà. Mo ní níwájú ilé Òrìṣà, sà. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ọmọ kan láti Kútò tó jókòó lẹ́yìn mi ní ṣé Òrìṣà ń san owó iná ni. Olùkọ́ wa nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣì wà lódindi. Mo ní ó ku díẹ̀ kí wọ́n má wà mọ́. Ó ní kí n kó wọn wá fún òun.

Bàbá mi, mo mọ èsì yín. Ẹ̀ẹ́ ní òbúkọ tó fọ́ ìyẹn kò kú. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀ lóru, mo sì bi olùkọ́ wa. Ó ní kò lè kú síbẹ̀, ìta gbangba ló fọ́ sí, afẹ́fẹ́ ti gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní kí ni wọ́n fi kó èyí tó fọ́. Mo ní Màámi fi ìgbálẹ̀ gbá a ni. Ó di orí mú. Ó ní a kì í fi ìgbálẹ̀ gbá a, ìgbálẹ̀ á kàn máa fọ́n ọn káàkiri ni. Màámi, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ó máa bi mí, ǹ bá ti parọ́.

Àlàájà ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìrun lọ́wọ́. Ó ní májèlé nínú iná kẹ̀? Ó ní tí iná bá ní májèlé, ta ni ì bá kù ní Ṣàpọ́n. Mo ní kì í ṣe ìgbà tó ń tàn, ìgbà tó bá fọ́ ni. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ti ń yí mi lórí, kí n lọ jẹun. Àṣé ó ti fi iná kan tó kú ṣe ọ̀pá kọ́tìnnì sí ojú fèrèsé rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni orí bẹ́ẹ̀dì wà. Ó kírun tán, ó jókòó, ó wo kọ́tìnnì. Ó sún bẹ́ẹ̀dì sí apá kejì. Ó tún wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, yàrá èmi ló sùn sí.

Àlàájà kì í ṣe nǹkan ní ìlàjì. Ní òwúrọ̀, ó ní gbogbo iná tó ti kú lágboolé, títí kan ti àwọn aládùúgbò tí wọ́n kó wá fún Bàbá, gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kí n mú wọn lọ bá olùkọ́ mi. Mo ní olùkọ́ wa ní a gbọ́dọ̀ wé wọn dáadáa kí wọ́n má baà fọ́ lọ́nà. Ó ní ta ni òun fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ wíwé, oníṣòwò aṣọ ni òun. Ó mú aṣọ funfun tí eku ti jẹ etí rẹ̀, ó fi wé wọn. Ó wá ká wọn sínú ẹní, ó dì í lórí, ó dì í láàárín, ó dì í nísàlẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì kí wọ́n gbé e léjìká, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n máa rìn jẹ́ẹ́. Èmi ń tẹ̀ lé wọn. Òun náà ń tẹ̀ lé wa, ó fi ìborùn bo orí, ojú rẹ̀ le nítorí kò tíì sùn dáadáa.

Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Aṣọ funfun nínú ẹní, ní Ṣàpọ́n, láàárọ̀.

Àwọn tó ń ta bàtà ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ṣí fìlà. Ìyá kan gbé igbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹnì kan ń sọ fún ẹnì kejì pé àìsàn yẹn mà pẹ́ lára rẹ̀ o, ẹ wo bó ṣe rù. Àlàájà ń dáhùn pé ẹ ṣé, ẹ ṣé, nítorí ó rò pé wọ́n ń kí òun kú iṣẹ́ ni. Bàbá àgbàlagbà kan tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ bọ́ sẹ́yìn wa, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó sì tẹ̀ lé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ló ti bi Àlàájà pé ta ló kú gan-an. Àlàájà ní iná ni. Bàbá àgbàlagbà ní iná pa á? Àlàájà ní rárá, iná ló kú. Ó ṣí ẹní díẹ̀ kí bàbá náà lè rí i. Ó wò ó pẹ́. Ó wá ní àdúrà tí òun ti ṣe látòkè délẹ̀ kò ṣeé gbà padà mọ́, kí iná náà máa mú un lọ. Ó yí padà, ó ń lọ.

Olùkọ́ wa gbà wọ́n. Ó ní àpótí pákó kan ní yàrá ẹ̀yìn níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ibẹ̀ ló ń to irú wọn sí. Ó ní lókè òkun, ilé iṣẹ́ wà tó ń gbà wọ́n, tí ń yọ gíláàsì sọ́tọ̀, tí ń yọ irin etí wọn sọ́tọ̀, tí ń gba mẹ́kúrì jáde, wọ́n á sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Àlàájà ní nílẹ̀ wa ńkọ́. Ó ní òun kò tíì rí ọ̀kan nítòsí, òun kàn ń tọ́jú wọn kí wọ́n má baà fọ́ sórí ààtàn tàbí kí wọ́n sun wọ́n níná títí ibi tí wọ́n máa kó wọn lọ á fi yọjú. Àlàájà ní ìyẹn ni pé wọ́n jókòó sí gáréèjì, ọkọ̀ wọn ni kò tíì dé. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Lẹ́yìn èyí ni mo wálé. Ẹ ò bi mí ohun tí mo wá ṣe, ẹ rò pé àárò yín ló sọ mí. Òtítọ́ ni pé mo ti kọ́ ohun tí màá sọ sórí láti Láfẹ́nwá, mò ń kà á bọ̀ nínú ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì mí sì ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu. Ẹ ti fa ọwọ́ mi, ẹ mú mi lọ síwájú ilé Òrìṣà, ẹ ń fi mí han àwọn àlejò pé ẹ wò ó, òun ló ni iná. Ojú yín ń dán. Mi ò rí i kí ojú yín dán bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ohun kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi ni pé ó lè fọ́ o, Bàbá. Ẹ sì dá mi lóhùn pé ohun tí kò lè fọ́, ta ló ń kà á kún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo jẹ iyán, mo padà. Mo sunkún láti Ọ̀dẹ̀dá dé Láfẹ́nwá, ẹni tó jókòó tì mí tún sún.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò lè sọ lójú yín. Bàbá, nígbà tí mo wà ní kékeré, òjò kan rọ̀ láti òru mọ́jú, kò sẹ́ni tó lè lọ sódò. Màámi ní kí a lo omi àná tó wà nínú ìkòkò fún Òrìṣà. Ẹ kọ̀. Ẹ ní omi tó ti sùn ti di ìkàsì, a kì í fi ìkàsì síwájú Òrìṣà. Ẹ gbé akèrègbè, ẹ wọ inú òjò lọ fúnra yín, ẹ bọ̀, ẹ tutù rinrin, omi tuntun lẹ sì gbé dání. Mi ò gbàgbé. Bàbá mi, iná tó ti ṣiṣẹ́ nílé Àlàájà títí agbára rẹ̀ fi tán, tí wọ́n tú kúrò lórùlé, tí wọ́n fi ti ẹ̀gbẹ́ àgbá omi, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé iwájú Òrìṣà, ṣé kò ti sùn? Mi ò dá yín lẹ́jọ́. Mò ń béèrè ni.

Ẹfun sì rèé, ilẹ̀ la ti ń wà á. Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí. Ìyẹ̀fun inú iná yìí, ilé iṣẹ́ ló ti wá, nǹkan mìíràn sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo orúkọ tí ẹ sọ mí. Mi ò lè dákẹ́ kí ohun tí kì í ṣe ẹfun máa jẹ́ orúkọ mi níwájú orí àwọn ọmọ abúlé wa, títí kan ti Ẹfúnyẹmí tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n kun òun tán láìfi ahọ́n tọ́ ọ wò. Nígbà tí rédíò sì ń pariwo ìdọ̀tí olóró tí àwọn kan ti òkè òkun kó wá dà sílẹ̀ wa, ẹ̀yin lẹ ní kò yẹ kí ìdọ̀tí ẹni sùn lágbàlá ẹlòmíràn. Ìdọ̀tí Ṣàpọ́n nìyí lágbàlá wa, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó padà.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà ṣe é nìyí, bí olùkọ́ wa ṣe là á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà fà wọ́n yọ níkọ̀ọ̀kan, ọmọdé má sún mọ́ ọn. Kí ẹ fi àkísà wé wọn, kí ẹ ká wọn sínú ẹní tí Ráúfù ń mú bọ̀. Ẹní Àlàájà ni, èyí tí a fi gbé tiwa lọ sílé ẹ̀kọ́. Tí ọ̀kan bá fọ́, kí gbogbo èèyàn yẹra kí afẹ́fẹ́ fẹ́ síbẹ̀ dáadáa ná. Kí ẹni tó máa kó o fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kó fi páálí líle kó àfọ́kù rẹ̀, kó fi àkísà tútù nu ilẹ̀, kó da gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àkísà náà sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó ní ìdérí, kó dé e pinpin. Kí wọ́n má gbé e sun, kí wọ́n má dà á sódò. Màámi, ìgbálẹ̀ tí ẹ fi gbá tìjọ́sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rán Ráúfù pẹ̀lú wọn. Màá ra òmíràn fún yín.

Mo sì mọ ohun tó kù tó ń jẹ yín lọ́kàn. Àwọn àlejò á dé lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á wo iwájú ilé Òrìṣà, wọn kò ní rí nǹkan kan. Ọkùnrin tó gbé ìgboro rí yẹn á wà níbẹ̀. Mo ti rò ó. Tó bá bi yín pé iná ọmọ yín dà, ẹ sọ fún un pé iná ti lọ. Ó gbé ìgboro rí, ó máa yé e.

Ti ẹfun náà ti yanjú. Àpò ẹfun kan wà lábẹ́ ìjókòó Ráúfù, ojúlówó, tó máa tó ògiri tó sì máa tó iwájú orí. Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí mo dé láti ilé tí ojú mi wú, Àlàájà bi mí, mo sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Láfẹ́nwá fúnra rẹ̀, òun tó ti dé Mẹ́kà, pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó dúró níwájú ẹni tó ń ta ẹfun. Ẹni náà wo ìborùn, ó wo ẹfun, ó tún wo ìborùn. Àlàájà ní ògiri ni òun fẹ́ fi kùn. Ẹni náà ní ògiri tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ta ló ń gbé inú ilé náà. Àlàájà ní ọ̀rẹ́ òun kan ni, ó fẹ́ràn ohun funfun. Ó gbé e délé lábẹ́ aṣọ, ó ní òun kò ní jẹ́ kí Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ ṣọdún láìsí ẹfun nítorí iná tí òun fọwọ́ ara òun fún un. Ó ní kí ẹ bá òun kí Òrìṣà. Ó tún ní rárá, kí ẹ má kí i, kí ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀.

Bàbá mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n, iyè yín kò ní fò, ọdún á yabo. Mo kí gbogbo ilé, mo kí àwọn tó ń pọnmi Òrìṣà ní kùtùkùtù, mo kí òbúkọ yẹn náà, nítorí bí kò bá fọ́ ọ̀kan ni, ta ni ì bá mọ̀ kó tó dọjọ́ ọdún. Tí ọkọ̀ Ráúfù bá padà dé Láfẹ́nwá, èmi ló máa kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Tí mo bá rí i pé ẹní Àlàájà nípọn, màá mọ̀ pé ẹ ti gbọ́, ọkàn mi á sì balẹ̀ fún ìdánwò. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́lẹ́ bó ṣe lọ, ọkọ̀ kan náà ni màá wọ̀ padà wálé, màá sì kúnlẹ̀ síwájú ilé Òrìṣà títí ẹ ó fi dá mi lóhùn, ìdánwò tàbí kò sí ìdánwò.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ló kù. Ọ̀rọ̀ ẹfun tí Àlàájà rà yẹn, kó má kọjá èmi àtẹ̀yin. Mo ti ṣèlérí fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Mo kàn ní ó ń gbé ní Ṣàpọ́n, ó sì ń ta aṣọ ní Ìtòkú. Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ dákun, tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ ká ìwé ìròyìn náà, kí ẹ fi pamọ́.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ sọ lórúkọ ẹfun,
Ẹfúnṣọlá.